Ìrẹsì Kọ́sítọ́ọ̀mù

Bí mo bá jẹ oúnjẹ tí kò dára, inú á bí mi. Bí mo bá jẹ èyí tó dára ju tèmi lọ, inú á tún bí mi. Ìyàwó mi ní kò sí ibi tí èèyàn lè mú mi lọ jẹun tí n kò ní fajú ro, n kò sì bá a jiyàn, nítorí òun ló mọ̀ mí. Iṣẹ́ oúnjẹ ni mo kọ́, iṣẹ́ oúnjẹ náà ni mo fi tọ́ ọmọ. Ní òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, ṣẹ́ẹ̀fù ni wọ́n ń pè mí, gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ mi nídìí ààrò á sì dákẹ́ bí mo bá ti ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Mo fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní àkókò tí ìjọba ti bọ́dà pa, ọ̀gá wa ní òun fẹ́ tún ilẹ̀ ilé ìdáná ṣe, ó ní kí gbogbo wa lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹlòmíì á lọ sùn. Èmi ò lè sùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà ni ìrẹsì ti di ohun tí à ń wá kiri ọjà, bẹ́ẹ̀ ìrẹsì ló ń gbé òtẹ́ẹ̀lì wa ró. Ọ̀nà Yewa ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà wọlé tẹ́lẹ̀. Mo wá ń bi ara mi pé àwọn tí ìrẹsì ń kọjá níwájú ilé wọn lójoojúmọ́ ńkọ́, kí ni wọ́n ń jẹ báyìí? Mo di báàgì mi. Mo kó ìwé kan tí mo máa ń kọ oúnjẹ sí, bírò méjì, àti òṣùwọ̀n kékeré tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun. Mo wọ ṣòkòtò dúdú mi àti bàtà dúdú onírọ́bà tó nípọn, èyí tí mo máa ń wọ̀ nídìí ààrò kí n má baà yọ̀ ṣubú. N kò ronú lórí bàtà yẹn rárá. Ó yẹ kí n ti ronú.

Ìlaròó ni mo kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Àárọ̀ ọyẹ́ ni, ètè mi ti ń là, mo sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń din àkàrà. Bó ṣe ń da ẹ̀wà lílọ̀ sínú epo ló ń fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ láàárín díẹ̀, kí inú rẹ̀ lè jinná kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó le. Ọdún mélòó ni mo ti ń din àkàrà tí irú èrò bẹ́ẹ̀ kò wá sí mi lọ́kàn! Mo jẹ mẹ́fà pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Òkè-Ọ̀dàn, wọ́n fún mi ní láfún funfun tí kò ní kókó kankan, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja odò tí wọn ò fi nǹkan mìíràn sí ju ata, iyọ̀ àti ewé efinrin lọ. Mo lá ọwọ́ mi lójú àwọn àjèjì. Ní ẹ̀yìn Ìgbógìlà, àgbẹ̀ kan tó ń sun iṣu létí oko rẹ̀ pè mí pé kí n wá jẹ nínú rẹ̀, kò sì mọ̀ mí rí. Ó fi ọ̀bẹ ha ara iṣu náà dáadáa, ó bu epo pupa sórí ewé, ó wọ́n iyọ̀ sí i. Mo ti gbé iṣu síwájú àwọn èèyàn ńlá, mo ti tò ó, mo ti fi ewé ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ṣùgbọ́n mi ò rò pé mo ti fún ẹnikẹ́ni ní iṣu tó dùn tó yẹn rí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń yà mí lẹ́nu. Ibi gbogbo tí mo bá dé, bí mo bá ti béèrè ìrẹsì, ojú á yí padà. "A kì í jẹ ìrẹsì níbí o, ọ̀gá." "Ìrẹsì kẹ̀? Láti ìgbà wo?" Obìnrin kan ní Ìgbógìlà tiẹ̀ ní ìrẹsì kì í bá òun lára mu. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo ṣí ìwé mi, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé àwọn ará agbègbè yìí kò fẹ́ràn ìrẹsì. Ẹ bá mi wo ọlọ́gbọ́n.

Lẹ́yìn tí a kúrò ní Ayétòrò, ní ọ̀nà tó lọ sí Ìmẹ̀kọ, táyà bọ́ọ̀sì wa jò. Dẹ́rẹ́bà rọra wọ́ ọkọ̀ dé iwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà kan, gbogbo wa sì sọ̀kalẹ̀. Ibẹ̀ ni mo dúró sí, tí mò ń gbọn eruku kúrò lára aṣọ, tí òórùn kan fi wọ imú mi. Ìrẹsì ni. Kì í ṣe ìrẹsì funfun tí kò ní òórùn tí à ń sè ní òtẹ́ẹ̀lì o. Òórùn eléyìí dà bíi ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, irú àti epo pupa sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo tẹ̀ lé imú mi.

Búkà kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọkanáísà náà, páànù ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, oparun ni wọ́n fi ṣe ọgbà rẹ̀. Ọ̀kadà tó tó mẹ́jọ ló wà níwájú rẹ̀. Àwọn tó ni wọ́n wà nínú, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe yọ sí ẹnu ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Bí àwọn èèyàn mi ṣe máa ń dákẹ́ ní ilé ìdáná gan-an ni, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ìyá tó ni búkà náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa. Kò ga, kò sì sanra, ó sán ìró rẹ̀ mọ́ra gírígírí bí ẹni tó fẹ́ lọ sí oko.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ìrẹsì wà?"

Ó wo bàtà mi kó tó wo ojú mi. "Ìrẹsì oko wa ni o, ọ̀gá," ó ní. "Àwọn àgbẹ̀ ibí ló gbìn ín. Ẹ lè bi wọ́n."

N kò kúkú bi í níbi tó ti rà á. Mo kàn jókòó.

Ó bù ú fún mi. Ìrẹsì náà pọ́n díẹ̀, hóró rẹ̀ tóbi, ó dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, síbẹ̀ ó rọ̀. Ó da ọbẹ̀ ata tó fi irú sè lé e lórí, ó sì to wàrà díndín mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wàrà tó ń rà lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní tó ń kọjá láàárọ̀. Mo jẹ ẹnu kan, mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí, inú sì tún ń bí mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń se ìrẹsì. Mo mọ ìrẹsì oko, mo sì mọ òkúta inú rẹ̀; òkúta yẹn gan-an ni kì í jẹ́ ká gbé e wọ òtẹ́ẹ̀lì wa. Mo jẹ abọ́ yẹn tán, òkúta kan ṣoṣo kò kan eyín mi.

Mo tọrọ abọ́ kejì. Mo ṣí ìwé mi, mo gbé òṣùwọ̀n sórí tábìlì, mo bu ìrẹsì díẹ̀ sórí rẹ̀. Mo ń wò ó, mo ń gbóòórùn rẹ̀, mo ń kọ̀wé. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ọ̀kadà méjì péré ló kù níta. Mo rò pé iṣẹ́ ló ń pè wọ́n.

Wọ́n ti lẹ táyà wa. Mo ní kí bọ́ọ̀sì máa lọ. Fọkanáísà náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí mo fi ọdún díẹ̀ jù lọ, ní yàrá kan tó ṣófo lẹ́yìn ilé rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ lò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Òun náà wo bàtà mi, ó mí kanlẹ̀, ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

Ní ọjọ́ kejì, mo ti dé búkà kí oòrùn tó mú. Mo ní kí Màmá jẹ́ kí n máa wo bó ṣe ń ṣe é.

"Ẹ máa wò, ọ̀gá," ó ní. "N kò ní ohun tí mò ń fi pamọ́."

Ó da ìrẹsì sínú abọ́ tánganran ńlá kan tí etí rẹ̀ ti ṣí, ó bu omi lé e, ó ń fi ọwọ́ yí i po, ó ń rọra da ìrẹsì àti omi náà sínú abọ́ kejì díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń ṣe é, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí ọrùn ń dùn. Kò tilẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Ojú ọ̀nà ló kọjú sí, ó ń dá àwọn tó ń kí i lóhùn. Nígbà mìíràn, á dúró, á da gbogbo rẹ̀ padà, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: abọ́ ńlá méjì, omi tútù, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọrùn tó ń dùn ún ṣe mí láàánú. Mo tiẹ̀ rò ó pé kí n júwe oògùn kan fún un.

Ó bọ ìrẹsì náà, ó da omi àkọ́kọ́ nù, ó tún gbé e ka iná pẹ̀lú omi díẹ̀. Ó wá fi ewé bo ojú ìkòkò, ó sì fa igi jáde lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi jẹ́ pé ẹ̀yinná nìkan ló kù lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wú mi lórí jù ni bó ṣe ń bu oúnjẹ. Bàbá arúgbó kan wá tí eyín rẹ̀ ti ń mì. Òkè ìkòkò ló ti bù fún un, níbi tó rọ̀ jù. Ọkùnrin kan wá tó ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Màmá kò bi í léèrè, ó di tirẹ̀ sínú ewé kó lè fi ṣínu nílé. Ó ha ìdí ìkòkò fún ẹni kẹta, ó ní ọ̀nà tó ń lọ jìn, pé ìdí ìkòkò kì í tètè dà nínú. Ní òtẹ́ẹ̀lì wa, ago la fi ń da ìrẹsì dé orí abọ́ kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn.

Ẹni kẹta yẹn ní eyín góòlù kan níwájú ẹnu. Ọlọ́kadà ni. Kò wọlé. Ó dúró níta, ó kẹ̀yìn sí mi, kò sì pa ẹ̀rọ ọ̀kadà rẹ̀. Síbẹ̀ mo rí i pé ó fi wàrà tó tóbi jù sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn. Mo kọ ìyẹn náà. Ó dá abọ́ padà, ó dúpẹ́, ó ní, "Mèsí, Màmá," bí àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìlú kejì bọ́dà ṣe máa ń sọ ọ́, ó sì fi eré kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò wá mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹyọ ẹnìkan kò dúró. Ọ̀kadà ń kọjá, wọ́n á dẹwọ́ eré, wọ́n á wo inú búkà, wọ́n á tún gbéra. Màmá se ìkòkò rẹ̀ bó ṣe máa ń sè é, ó to àwọn abọ́ sílẹ̀, ó jókòó. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó dìde, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́yìn búkà, ó da ìrẹsì náà sórí rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ káàkiri. Mo yọ bírò mi. Mo kọ ọ́ pé: wọ́n tún máa ń sá ìrẹsì tó ti jinná níbí, n kò tíì rí irú rẹ̀ rí, ó yẹ kí n béèrè ohun tí wọ́n ń fi ṣe.

Ibi tí mo ti ń kọ ọ́ ni fọkanáísà ti wá bá mi. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o. Ìgbà wo lẹ máa lọ?"

"Kí ló dé? Ṣé ẹlòmíì fẹ́ gba yàrá yẹn ni?"

"Rárá o. Ṣebí ẹ rí i pé ẹnikẹ́ni ò wá jẹun lónìí. Nítorí yín ni."

"Nítorí mi?"

"Wọ́n ní kọ́sítọ́ọ̀mù ni yín." Ó na ìka sí ẹsẹ̀ mi. "Ẹ wo bàtà yín. Ẹ wo ìwé yín. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ dé láti Ìlaròó, ìrẹsì lẹ ń béèrè. Ọlọ́kadà ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ o. Ẹ tún wá gbé e sórí òṣùwọ̀n! Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń wọn ìrẹsì tó ti jinná?"

Mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú mi lọ sórí ẹní tó wà nílẹ̀. Mo bi í pé kí ni Màmá ń sá ìrẹsì yẹn fún.

"Kí ló tún lè ṣe sí i? Á máa bù ú sè jẹ títí yóò fi tán. Ìkòkò yẹn nìkan ló ní. Bí wọn ò bá jẹ ẹ́ lónìí, kò sí ohun tó máa fi se ti ọ̀la."

Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Èmi tí mo ń pe ara mi ní olùfẹ́ oúnjẹ, mo jókòó ti ìkòkò obìnrin yìí fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ń lé àwọn tó ń jẹ ẹ́ lọ, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni ń ṣe iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ní mo máa di báàgì mi lójú ẹsẹ̀.

"Bí ẹ bá lọ báyìí, ó parí nìyẹn," fọkanáísà ní. "Wọ́n á ní ẹ ti lọ kó àwọn yòókù wá. Ẹnikẹ́ni ò ní fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́."

N kò lè dúró, n kò sì lè lọ. Mo lọ bá Màmá nídìí ààrò, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Màmá, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Láti ìgbà wo?"

"Kẹ́ ẹ tó jókòó lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò lé mi?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo ti sọ ìsọkúsọ. "Ẹni tó jẹ oúnjẹ mi, tó tún tọrọ abọ́ kejì, ni kí n lé? Mo tiẹ̀ ti mọ̀ pé ẹ kì í ṣe kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹni tí ìjọba rán níṣẹ́ kì í gbóòórùn oúnjẹ báyìí. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe gan-an?"

"Oúnjẹ ni mò ń sè, Màmá. Ní òtẹ́ẹ̀lì, l'Abẹ́òkúta."

Ó di ọwọ́ mi mú, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó wo àwọn àpá iná tó wà lára rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Alásè?" Ó tún rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Lọ́la, ìwọ lo máa sè é. Níta, lójú títì, níbi tí gbogbo ayé á ti rí ọ."

Ó ní àwọn àgbẹ̀ á fún òun ní ìrẹsì àwìn. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lọ sí oko lẹ́yìn ìlú fúnra mi, mo ra ìrẹsì, fọkanáísà sì tẹ̀ lé mi kí àwọn àgbẹ̀ má baà sá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Màmá gba bàtà mi, ó gbé e pamọ́, ó fún mi ní sílípáàsì tí ọkọ rẹ̀ tó ti kú fi sílẹ̀. Ó so ìró rẹ̀ kan mọ́ mi nídìí, ìró aláwọ̀ ewé tó ní òdòdó ńláńlá. Ó gbé ọlọ jáde sí etí títì, ó ní kí n máa lọ ata. Ẹ wo mí, èmi ṣẹ́ẹ̀fù, lórí àpótí, nínú ìró obìnrin, tí ata ń ta sí mi lójú. Ọ̀kadà àkọ́kọ́ kọjá, ó dẹwọ́. Èkejì kọjá, ó yí padà, ó tún kọjá. Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Mo sọ lọ́kàn mi pé kì í ṣe pé wọ́n á rí i nìkan pé n kì í ṣe kọ́sítọ́ọ̀mù. Wọ́n á tún mọ irú ẹni tí mo jẹ́ nídìí oúnjẹ. Màmá béèrè bóyá mo fẹ́ kí òun ràn mí lọ́wọ́. Mo ní kó lọ jókòó.

Mo ṣí ìwé mi, mo tẹ̀ lé e lẹ́sẹẹsẹ. Abọ́ ńlá méjì, omi tútù, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Wọ́n ti rẹ ẹ̀wà sínú abọ́ tánganran ọjọ́sí, nítorí náà mo mú abọ́ rọ́bà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo yí i po, mo dà á, mo yí i po. Mo la ojú mi sílẹ̀ dáadáa. Mo ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹfà dípò mẹ́rin, nítorí pé mo mọṣẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbé e ka iná igi. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti dáná igi kẹ́yìn. Mo fa igi jáde ní kíá jù, mo tún tì í wọlé, ó tún pọ̀ jù. Nígbà tí mo ṣí ewé kúrò lójú ìkòkò, òkè rẹ̀ dà bí ẹ̀kọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń rùn bí igbó tó jó.

Màmá mú ṣíbí, ó bu díẹ̀ láàárín, ó fi sẹ́nu. Mo gbọ́ kàù. Ó yọ òkúta náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ó wò ó, ó wo abọ́ rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ mi.

"Rọ́bà lo fi ṣàn án?"

"Ẹ̀wà wà nínú tánganran, Màmá."

"Ọmọ mi, èèyàn kì í gbọ́ òkúta nínú rọ́bà." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Etí ni mo fi ń ṣà á. Bí òkúta bá kan ìdí tánganran, á dún, mà á mọ̀ pé ó ti délẹ̀. Ojú mi ò rí nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́."

Ọrùn tó ń dùn ún! Mo ti kọ iye omi, mo ti ka iye ìgbà, mo sì ti fẹ́ júwe oògùn fún ọrùn tí kò ṣe nǹkan kan. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ da ìkòkò náà nù sínú igbó kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

"Dà á nù kẹ̀?" Màmá ní. "Gbé e wá síwájú."

Ó bọ́ sí etí títì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu. N kò mọ̀ pé ohùn rẹ̀ lè lọ sókè tó bẹ́ẹ̀. "Ẹ wá o! Ẹ wá jẹ ìrẹsì kọ́sítọ́ọ̀mù! Ó rọ̀ jù, ó jóná, ó sì ní òkúta! Ọ̀fẹ́ ni!"

Fọkanáísà ló kọ́kọ́ wá, ọkùnrin akin. Ó jẹ ẹnu kan, ó fajú ro, ó sì gbé e mì nítorí tèmi. Bàbá eléyín mímì wá dúró, ó wo inú ìkòkò náà, ó fi ọgbọ́n kọ̀ ọ́. Ọ̀kadà kan dúró. Òmíràn dúró. Wọ́n ń wo ìró tó wà ní ìdí mi, wọ́n ń wo ata tó wà ní ojú mi. Ẹnìkan bu ẹ̀kún ṣíbí, ó kàn di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú lójijì. "Yéè! Kọ́sítọ́ọ̀mù ti dá mi dúró!" Ẹ̀rín bú jáde. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi fi ọwọ́ ti ògiri. Ẹlòmíì ní òun ò ní ẹrù kankan o, pé kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí eyín òun kọjá. Kò sí ibi tí wọ́n ti fi oúnjẹ mi ṣe yẹ̀yẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó dùn mí, mo sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Eyín góòlù ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ dúró, ó jókòó sórí rẹ̀, kò pa ẹ̀rọ.

"Ìwé yẹn dà?" ó ní. "Ẹ kọ nǹkan nípa mi lọ́jọ́ yẹn. Mo rí yín. Ẹ kà á síta."

Ẹ̀rín dákẹ́. Mo mú ìwé náà, mo sì wá ojú ewé náà. Mo kà á: "Ọkùnrin eléyín góòlù. Ó dúró jẹun. Ó fi wàrà tó tóbi jù sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn. Nígbà tó fi í sẹ́nu, èjìká rẹ̀ wá sílẹ̀, bíi ti ọmọdé."

Gbogbo wọn yíjú sí i, ariwo sì tún sọ. Òun náà kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo rí eyín góòlù yẹn. Ó pa ẹ̀rọ ọ̀kadà rẹ̀.

"Kí ló tún wà níbẹ̀?" ó ní.

Ohun tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé náà, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń wò mí. Mo kà á: "Ìyá yìí mọ ẹni tó ń bu oúnjẹ fún. Láti ìgbà tí mo ti ń sè, abọ́ ni mo máa ń wò, n kì í wo èèyàn. Ẹ̀rù ń bà mí pé n kò tíì mọ oúnjẹ sè."

Wọ́n dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ dáadáa, mo ti sọ ọ́ ṣáájú, ṣùgbọ́n irú èyí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí mi nídìí ààrò rí. Màmá kẹ̀yìn sí wa. "Ohun tó ti ń kọ láti ọjọ́ yìí nù un?" ó bi fọkanáísà. Fọkanáísà ní bẹ́ẹ̀ ni. Màmá fi etí ìró nu ojú, ó ní èéfín mi ti pọ̀ jù. Ó lọ sídìí ògiri, ó da ẹ̀wà kúrò nínú abọ́ tánganran rẹ̀, ó ṣàn án, ó sì da ìyókù ìrẹsì tí mo rà sínú rẹ̀.

"Jókòó síbí," ó ní fún mi. "Pa ojú dé."

Mo pa ojú dé. Omi ń lọ, ìrẹsì ń lọ. Àwọn ọlọ́kadà ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, ọkọ̀ ń kọjá, n kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó dún, ó kéré gan-an, ní ìdí abọ́.

"Màmá, ó dún."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní. "Dà á padà, tún bẹ̀rẹ̀."

Ìkòkò tirẹ̀ jinná kí ọ̀sán tó pọ́n tán. Kò sí àyè lórí bẹ́ǹṣì; àwọn kan jókòó sórí ọ̀kadà wọn. Òkè ìkòkò ni ti bàbá eléyín mímì, ìdí ìkòkò ni ti àwọn tí ọ̀nà wọn jìn. Ó fi mí sídìí omi ìfọbọ́, nítorí abọ́ kò tó. N kò mú ìwé mi dání. Eyín góòlù wọlé lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó, ó jẹ tirẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fi wàrà sí ìgbẹ̀yìn, ó sì wò mí kó tó fi í sẹ́nu. Ó ní, "Mèsí, Màmá." Lẹ́yìn náà ó wá síbi tí mo wà, ó na abọ́ rẹ̀ sí mi.

"Tètè fọ̀ ọ́, kọ́sítọ́ọ̀mù," ó ní. "Mẹ́fà míì ń bọ̀ lẹ́yìn mi."

Mo gbà á, mo sì fọ̀ ọ́.